Ẹ̀kọ́ Orí Fóònù: Ṣé Ó Bá Òye Ọmọ Wa Mu?



Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí mo fi ojú ara mi rí bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, lásìkò kónílé-ó-gbélé, èmi àti arákùnrin kan gbé ìrẹsì àti ẹ̀wà lọ fún àwọn ará ìjọ tí iṣẹ́ òòjọ́ wọn ti dúró. Nínú ilé oníyàrá kan, a bá ìyá kan pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Fóònù kan ṣoṣo ló wà nínú ilé náà, ojú rẹ̀ sì ti sán. Àbíkẹ́yìn, ọmọ ọdún márùn-ún, ló gbé e dání. Ilé-ìwé rẹ̀ ti fi fídíò ránṣẹ́: olùkọ́ kan dúró níwájú pátákó, ó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé ìṣirò fún odidi ogójì ìṣẹ́jú. Ọmọ náà kò tilẹ̀ wo olùkọ́ mọ́. Ibi tí ojú fóònù ti sán ló ń fi ìka tọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń retí ìgbà tí yóò kàn wọ́n. Ìyá wọn ń ṣírò dátà tó kù. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé orí ọmọ yìí ò gba ìwé ni? Kò lè jókòó wò ó tán."

Kí n tó fèsì, ọ̀rá ẹ̀wà tí a gbé wá ya díẹ̀, ẹ̀wà sì dà sílẹ̀. Kíá, ọmọ náà ti bẹ́ sílẹ̀. Òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n ń pín in sí ọ̀nà mẹ́ta bí ẹni ń ṣeré. Ó ka tirẹ̀, ó ka ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì figbe ta pé tòun fi méjì dín. Òótọ́ ló sọ. Méjì ló fi dín.

Ẹ̀yin ará, ọmọ tí wọ́n rò pé orí rẹ̀ kò gba ìṣirò ló ṣe àyọkúrò lójú gbogbo wa yìí. Orí ọmọ náà kò ní àbùkù kankan. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i ni kò bá orí rẹ̀ mu.

Àrùn Kòrónà ti rọlẹ̀, àwọn ilé-ìwé ti ṣí padà tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ orí fóònù kò bá a lọ. Títí di òní, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń fi iṣẹ́ àṣetiléwá ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àwọn òbí ń ra tablet fún ọmọ ọdún mẹ́ta, wọ́n sì ń fi yangàn. Nínú ìjọ pàápàá, a ti ń gbọ́ àbá pé kí a gbé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi àwọn ọmọdé sórí fóònù, kí ọmọ tí kò bá rí àyè wá lè máa wò ó nílé. N kò lòdì sí i. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò nìyí: ẹ̀kọ́ tí a bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọmọdé gbọ́dọ̀ bá òye ọjọ́ orí rẹ̀ mu. Bí a bá sì wò ó dáadáa, a ó rí i pé ohun tó bá òye ọmọdé mu gan-an ni ohun tí apá tálákà ká.

ỌMỌDÉ KÌ Í ṢE ÀGBÀ KÉKERÉ

Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù kò tijú láti jẹ́wọ́ fún àwọn ará Kọ́ríńtì pé bí òun ṣe ń ronú nígbà èwe yàtọ̀ sí bí òun ṣe ń ronú nígbà tí òun dàgbà. Nínú ìwé kan náà, ó sọ ti wàrà àti oúnjẹ líle. Ẹni tó bá fi iyán bọ́ ọmọ ọwọ́ kò lè sọ pé ọmọ náà ló kọ oúnjẹ.

Ọkùnrin kan wà, Jean Piaget ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, tí wọ́n bí ní 1896 tó sì kú ní 1980. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jókòó ti àwọn ọmọdé, títí kan àwọn ọmọ tirẹ̀ mẹ́ta, tó ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣeré, tó sì ń bi wọ́n ní ìbéèrè. Ohun tó rí ni pé ìpele ìpele ni òye ọmọ ń gbà dàgbà. Láti ìgbà ìbí títí di nǹkan bí ọdún méjì, ọwọ́, ẹnu àti ẹsẹ̀ ni ọmọ fi ń mọ ayé. Láti ọdún méjì dé nǹkan bí ọdún méje, ó ti ń lo ọ̀rọ̀ àti àwòrán, ó sì lè fi igi ṣe mọ́tò nínú eré, ṣùgbọ́n ohun tí ojú rẹ̀ rí ló ń tàn án. Láti nǹkan bí ọdún méje dé mọ́kànlá, ó ti lè ronú dáadáa lórí ohun tó wà níwájú rẹ̀ tó ṣe é dì mú. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ríronú lórí ohun tí a kò rí ń fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti fi hàn pé àwọn ọmọ kan tètè mọ nǹkan ju bí ó ti rò lọ. Síbẹ̀ gbòǹgbò ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì fà tu.

Bí ẹ bá ní ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún nílé, ẹ dán èyí wò lónìí. Ẹ bu omi sínú ife méjì tó dọ́gba, kí ọmọ fi ojú ara rẹ̀ rí i pé wọn kò ju ara wọn lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ da omi ife kan sínú ife tó ga tó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ wá bi í léèrè èwo ló pọ̀ jù. Ó ṣeé ṣe gidigidi kó nàka sí ife gíga. Ẹ má pè é ní olódo o. Bí Ọlọ́run ṣe dá òye rẹ̀ pé kó máa ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ orí yẹn nìyẹn. Bí ẹ bá pariwo mọ́ ọn títí, kò ní fi yé e. Ohun tí yóò fi yé e lọ́jọ́ kan ni pé kí òun fúnra rẹ̀ máa da omi láti ife dé ife, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹwàá, bí ó ti ń dàgbà.

Ẹ wá ro irú ọmọ bẹ́ẹ̀ níwájú fídíò tí olùkọ́ ti ń kọ àmì ìṣirò sórí pátákó. Kò sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè mú. Kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Àwa àgbà pàápàá, bí ìwàásù bá gùn, oorun a máa gbé wa lọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Kí la wá fẹ́ kí ọmọ ọdún márùn-ún ṣe?

Bákan náà ni ẹ̀kọ́ Bíbélì. A ó sọ fún ọmọ ọdún mẹ́rin pé kó ṣí ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ fún Jésù, ọmọ náà yóò sì wo àyà rẹ̀ bóyá ilẹ̀kùn wà níbẹ̀. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ohun tó gbọ́ ló gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé búrẹ́dì márùn-ún síwájú rẹ̀, tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bù ú fún àwọn tó yí i ká, ìtàn ọmọkùnrin tó fi oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ fún Jésù yóò yé e.

FÍDÍÒ KÒ LÈ RỌ́PÒ ÈNÌYÀN

Àwọn òbí kan gbà gbọ́ pé bí ọmọ bá ti ń wo fídíò ẹ̀kọ́, ó ti ń kọ́ nǹkan nìyẹn. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní 2003, Ọ̀jọ̀gbọ́n Patricia Kuhl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Seattle tẹ àbájáde iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n kó àwọn ọmọ ọwọ́ tó jẹ́ oṣù mẹ́sàn-án, tí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń gbọ́ nílé, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ èdè Ṣáínà. Ìgbà 12 ni wọ́n ṣe é, ìṣẹ́jú 25 nígbà kọ̀ọ̀kan. Fún àwọn ọmọ kan, ènìyàn gidi ló jókòó tì wọ́n, tó ń kàwé fún wọn, tó sì ń bá wọn ṣeré. Fún àwọn mìíràn, àwọn ènìyàn kan náà ni, ọ̀rọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n inú fídíò ni. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn tó rí ènìyàn gidi ti mọ ìyàtọ̀ àwọn ìró èdè náà dáadáa. Àwọn tó wo fídíò kò sàn ju àwọn tí kò gbọ́ èdè náà rí.

Ẹ ò rí nǹkan? Ohùn kan náà, àkókò kan náà. Ohun tí fídíò kò ní ni ojú tó ń wo ojú ọmọ, ẹ̀rín tó ń dá ẹ̀rín lóhùn.

Nítorí irú nǹkan báyìí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fi gbé ìmọ̀ràn jáde ní 2019 pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan má jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù rárá, kó má sì ju wákàtí kan lóòjọ́ lọ fún ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin. Bó bá tilẹ̀ dín sí i, ó sàn bẹ́ẹ̀. Ìyá tó fi fóònù rẹ ọmọ lẹ́kún kó lè dáná kò dẹ́ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má pe ìyẹn ní ẹ̀kọ́.

BÍ Ẹ̀KỌ́ TÓ BÁ ỌMỌDÉ MU ṢE Ń RÍ

Bí ọmọ bá ti kúrò lọ́mọ ọwọ́, ó lè kọ́ nǹkan lójú ẹ̀rọ, bí ẹni tó ṣe é bá ti ro ti ọmọ kó tó ṣe é. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí Joan Ganz Cooney àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ètò tẹlifíṣọ̀n Sesame Street, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1969, wọn kò jókòó sínú ọ́fíìsì kí wọ́n máa méfò. Wọ́n gbé àwọn ọmọdé síwájú ohun tí wọ́n ṣe, wọ́n sì gbé àwòrán mìíràn tó ń yí padà sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà. Ibi tí ọmọ bá ti gbójú kúrò lára ètò, wọ́n mọ̀ pé ibẹ̀ kò dára tó, wọ́n á sì lọ tún un ṣe. Wọn kò bá ọmọ wí pé kò fọkàn sí i. Ara wọn ni wọ́n bá wí.

Ètò mìíràn, Blue's Clues, bẹ̀rẹ̀ ní 1996. Ẹni tó ń darí rẹ̀ a béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọmọ, a sì dákẹ́ kí ọmọ ráyè dáhùn. Ètò ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń tún gbé jáde ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àti títí di ọjọ́ Ẹtì. Àgbà á ní ó ti sú òun. Àwọn ọmọ kò sọ bẹ́ẹ̀. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ ni ohùn wọn ń ròkè sí i, nítorí wọ́n ti mọ èsì.

Ṣé tuntun lèyí sí wa? Rárá o. Bí àwọn ìyá wa àgbà ṣe ń pàlọ́ nìyẹn. Wọ́n á pe ọmọ, ọmọ á dáhùn. Wọ́n á dá orin, ọmọ á gbè é. Àlọ́ tí a gbọ́ lánàá, a tún fẹ́ gbọ́ ọ lónìí. Ayò ọlọ́pọ́n kọ́ wa ní kíkà àti pípín kí a tó mọ pátákó. Àwọn àgbà wa mọ ọ̀nà yìí kí ẹnikẹ́ni tó ṣe tẹlifíṣọ̀n. Àwa la gbàgbé.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣe ẹ̀kọ́ orí fóònù fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ, ohun márùn-ún ni mo fẹ́ kó fi sọ́kàn.

Èkínní, kí ó kúrú. Ohùn ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta tó sọ ohun kan ṣoṣo sàn ju fídíò ogójì ìṣẹ́jú tó sọ ohun mẹ́wàá.

Èkejì, kí ó máa dúró de ọmọ. Kí ó béèrè, kí ó sì dákẹ́. Kí ó sì ṣe é tún gbọ́.

Ẹ̀kẹta, kí ó rán ọmọ níṣẹ́ kúrò lójú fóònù. "Lọ mú ìdérí ìgò márùn-ún wá. Fi ife bo díẹ̀ nínú rẹ̀. Mélòó ló wà níta? Mélòó ló wà lábẹ́ ife?" Ibi tí ẹ̀kọ́ wà gan-an nìyẹn, lórí ẹní, láàárín ìdérí ìgò. Fóònù kàn jẹ́ ìránṣẹ́ tó mú ọ̀rọ̀ wá ni. Àwọn eré orí fóònù tó ń dún gbà-ù gbà-ù tó sì ń tàn yanranyanran bí ọmọ bá ti tẹ nǹkan, ojú ọmọ ni wọ́n ń fà. Wọn kò fún un láyè láti ronú.

Ẹ̀kẹrin, kí ó jẹ́ ní èdè tí ọmọ gbọ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa lò. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n kíláàsì ni ìjọba ń ṣòfin lé lórí. Kò sí mínísítà tó lè sọ èdè tí ìwọ yóò fi bá ọmọ rẹ ka ìdérí ìgò lórí ẹní rẹ.

Ẹ̀karùn-ún, èyí tó tóbi jù, kí ó wà fún ẹni méjì: ọmọ àti àgbà tó jókòó tì í. Lev Vygotsky, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, tí ọdún kan náà, 1896, ni wọ́n bí òun àti Piaget, kọ́ni pé ohun kan wà tí ọmọ lè dá ṣe lónìí, ohun kan sì wà tí yóò lè ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ bá ràn án lọ́wọ́. Láàárín méjèèjì yìí ni ẹ̀kọ́ ti ń wáyé. Yorùbá ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Mósè náà ti pàṣẹ fún Ísírẹ́lì nínú Deutarónómì orí 6 pé kí òbí máa kọ́ ọmọ nígbà ìjókòó, nígbà ìrìn, nígbà ìsùn àti nígbà ìjí. Òbí ni àṣẹ náà bá wí. A kò lè gbé e lé fóònù lọ́wọ́.

Ọ̀RỌ̀ ÌDÁJỌ́ ÒDODO NI

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan ìdàpọ̀ wa gan-an. Ní oṣù kejìlá 2020, àjọ UNICEF àti àjọ ITU kéde pé nínú ọmọ mẹ́ta tó wà láàárín ọdún 3 sí 17 ní gbogbo ayé, méjì ni kò ní íntánẹ́ẹ̀tì nílé. Iye wọn jẹ́ bílíọ̀nù 1.3. Ẹ̀yin náà mọ àwọn tí ń bẹ nínú iye yẹn. Wọ́n ń bá wa kọrin lọ́jọ́ Ìsinmi.

Bí ilé-ìwé bá wá ṣe ẹ̀kọ́ tó nílò fóònù ńlá, dátà púpọ̀, iná mànàmáná àti yàrá tó dákẹ́, kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ tálákà láìfi kọ́kọ́rọ́ tì í. Tí ọmọ náà bá wá fìdí rẹmi, wọn á ní kò kọbi ara sí i. Jákọ́bù bá ìjọ wí gidigidi nítorí pé wọ́n ń fún olówó ní àga tó dára, tí wọ́n sì ń ní kí tálákà dúró. Ẹ̀kọ́ tí ọmọ olówó nìkan lè rí gbà, àga iwájú kan náà ni.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìròyìn ayọ̀ kan láti orílẹ̀-èdè Botswana. Ní 2020 kan náà, nígbà tí ilé-ìwé ti pa, àwọn kan níbẹ̀ kó ìdílé bíi 4,500 jọ, tí ọmọ wọn wà ní kíláàsì kẹta sí ìkarùn-ún. Wọn kò lo íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Apá kan kò gba nǹkan kan. Apá kejì ń gba ìṣirò díẹ̀ nínú àtẹ̀jíṣẹ́ lọ́ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Apá kẹta ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ náà, olùkọ́ sì ń pè wọ́n lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, pẹ̀lú òbí àti ọmọ lórí ìlà kan náà. Àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní 2022. Àwọn tó gba àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀. Àwọn tí olùkọ́ pè tẹ̀ síwájú nínú ìṣirò ní tòótọ́. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ti tó láti ṣe é!

Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Bí àwọn yẹn bá nílò ohùn ènìyàn tó ń dá wọn lóhùn, mélòó mélòó ni àwọn kékeré wa.

Ẹ wá wò ó, ẹ̀yin ará. Ìṣẹ́jú díẹ̀: kò ná dátà púpọ̀. Ìdérí ìgò àti hóró àgbàdo: ọ̀fẹ́ ni. Èdè abínibí: a ti ní in lẹ́nu. Àgbà kan tó jókòó tì í: Ọlọ́run ti fi í sínú ilé. Ohun tó wọ́n jù nínú ẹ̀kọ́ orí fóònù ni ohun tó wúlò fún ọmọdé kéré jù.

ṢÙGBỌ́N ÀYÈ DÀ?

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Ìyá tó jí ní aago mẹ́rin, tó ti ọjà dé ní aago mẹ́jọ alẹ́, ìgbà wo ni yóò jókòó ti ọmọ? Ọ̀rọ̀ gidi ni, n kò sì ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. N kò ní kí ẹnikẹ́ni fi wákàtí kan sílẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo ń béèrè, ó sì lè jẹ́ níbi tí ẹ ti ń ṣa ẹ̀wà tàbí tí ẹ ti ń to ata lórí àtẹ. Bí kò bá ṣeé ṣe fún ìyá, bàbá ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n tó wà ní sẹ́kọ́ńdírì ńkọ́?

Àwọn mìíràn á ní, "Èmi ò kàwé, kí ni mo fẹ́ kọ́ ọmọ?" Màmá, ẹ gbọ́. Ìbéèrè méjì péré lẹ nílò: "Mélòó ni?" àti "Báwo lo ṣe mọ̀?" Ẹni tó ń ta ọjà tó sì ń fún ènìyàn ní ṣéńjì láìlo ìwé kì í ṣe aláìmọ̀kan nínú ìṣirò.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Ẹ̀yin òbí, bí ilé-ìwé bá ní ẹ̀kọ́ ọmọ yín yóò máa wá lórí fóònù, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè: Ìṣẹ́jú mélòó ni? Èdè wo ni? Kí ni ọmọ yóò fi ọwọ́ ṣe? Kí ni ẹ óo ṣe fún ọmọ tí ilé wọn kò ní fóònù ńlá? Bí wọn kò bá ní èsì sí ìbéèrè ìkẹyìn yìí, ẹ má dákẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ tiyín ní fóònù.

Ẹ̀yin olùkọ́ ọmọdé nínú ìjọ, kí ẹ tó fi ẹ̀kọ́ kan ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn, ẹ kọ́kọ́ fi han ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ má wo fóònù, ojú ọmọ ni kí ẹ máa wò. Ibi tó bá ti gbójú kúrò, ẹ lọ tún un ṣe. Ẹ gba ohùn sílẹ̀ dípò fídíò níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Ọmọ tí kò ní WhatsApp nílé, ẹ pè é lórí fóònù ìyá rẹ̀.

Ẹ̀yin alàgbà àti olùdarí, owó tí a bá fẹ́ fi ra kámẹ́rà tuntun fún ẹ̀ka àwọn ọmọdé, ẹ jẹ́ kí a yọ díẹ̀ níbẹ̀ fún káàdì ìpè àwọn olùkọ́. Ọ̀dọ́ tó ní ìfẹ́ ọmọdé, tó lè pe ìdílé márùn-ún lọ́sẹ̀ kan, pọ̀ nínú ìjọ. Ẹ rán wọn níṣẹ́.

Ọmọ ọdún márùn-ún tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti dàgbà báyìí. N kò mọ iye ìgbà tí wọ́n ti sọ fún un pé orí rẹ̀ kò gba ìwé kó tó dé ibi tó wà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lọ́jọ́ tí mo rí i, ó mọ̀ pé méjì ni ìpín òun fi dín, ó sì mọ̀ pé kò tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ igbe irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń gba ìpín tó dín lójoojúmọ́, wọn kò sì tíì mọ bí a ṣe ń figbe ta.

Kí Olúwa tó gbé ọmọdé kan kalẹ̀ sáàárín àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ fún wa ní sùúrù láti jókòó ti àwọn tiwa. Àmín.